Ta Ló Kọ́ Délé Olóhùn-Idẹ Ní Fèrè?

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Àbíkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé fóònù wà. Mo sì mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín nígbà tí o bá rí ìwé ọwọ́ mi, tí wàá ní, "Kí ló tún ṣe Bàbá yìí?" Ṣùgbọ́n lórí fóònù o máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, bí mo bá sì ti fẹ́ gbóhùn sókè, ìyá rẹ á já fóònù gbà, á máa bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Kò sẹ́ni tó lè já ìwé gbà lọ́wọ́ mi. Jókòó, kà á tán, kí o tó dá mi lóhùn.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun tí o rí. Mo fẹ́ kí èyí ṣáájú, nítorí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè dà bí ẹni pé inú mi kò dùn. Nígbà tí o sọ fún mi pé ẹbí Délé Olóhùn-Idẹ ló gbà ọ́, pé ìwọ ni wàá kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, pé ìwọ náà ni wàá kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìrántí tí wọ́n ń kọ́ fún un ní ìlú wa níbí, mo jáde síta, mo sọ fún gbogbo àdúgbò. Alágbàfọ̀ tó wà níwájú ilé wa gbọ́ ọ títí ó fi sú u. Ọmọ mi ni wọ́n mú nínú gbogbo àwọn tó mọ̀wé, mo ní kí wọ́n lọ wò ó.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Fẹ́mi, ọmọ Délé, ti wá kí mi nílé, ara mi kò balẹ̀ mọ́.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí, nítorí o kéré nígbà tí mo ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, o sì máa ń sùn lọ. Èmi àti Délé jọ dàgbà ní àdúgbò kan náà ni. A jọ wọ báńdì Tíṣà Odùsínà nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́. Tíṣà yìí ló ń kọ́ wa ní orin lẹ́yìn tí a bá jáde ní kíláàsì. Wọ́n gbé fèrè idẹ lé wa lọ́wọ́, wọ́n sì kọ́ wa bí a ṣe ń mí. Délé ni fèrè kìíní, èmi ni fèrè kejì. Nígbà tó yá, Délé bá báńdì ńlá kan lọ sí Èkó, láti Èkó ó dé òkè òkun, ó ń fun orin jáàsì títí àwọn tó ni orin náà fi ń dìde dúró fún un. Èmi gbájú mọ́ irin kíkọ́lé tí mo ń tà. Tíṣà Odùsínà padà sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tó jẹ́ ìlú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Di orúkọ Tíṣà yìí mú dáadáa, torí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Fẹ́mi wá pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Ojú mi ti wà lára àpò yẹn kó tó wọlé tán. Ọmọ tí kò kí mi láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, kí ló ń gbé ìrẹsì wá ṣe? Mo ní kí ìyá rẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí n ó fi mọ ohun tó bá a wá. Kí n tó pinnu, ó ti sè nínú rẹ̀. A ti jẹ ẹ́, Àbíkẹ́, kò sì burú lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò yí ojú mi padà.

Fẹ́mi jókòó, ó fi ẹnu dọ̀bálẹ̀ fún mi dáadáa. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin nìkan lẹ kù nínú àwọn tó bá bàbá wa bẹ̀rẹ̀. A fẹ́ kí ẹ jókòó síwájú kámẹ́rà, kí ẹ kàn sọ pé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rí fèrè létí odò."

Mo ní, "Odò wo?"

"Odò tí wọ́n ti bá iwin pàdé. Iwin tó kọ́ wọn ní orin."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣeré. Kò ṣeré. Mo wá ní, "Tíṣà Odùsínà ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni pé mo dárúkọ ẹni tó ń tún bàtà bàbá rẹ̀ ṣe. "Dádì, ìyẹn á kàn da ìtàn rú ni. Ẹni tí iwin kọ́, kí ni tíṣà tún fẹ́ ṣe níbẹ̀? Àwọn àlejò ò lè wọkọ̀ òfuurufú láti ìlú òyìnbó wá wo ilé tíṣà. Àbíkẹ́ náà ti gbà bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Mi ò gbà á gbọ́, nítorí ìwọ ni mo bí. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé irọ́ ni, nítorí mo mọ bí iṣẹ́ tuntun ṣe máa ń rí lára ènìyàn, bí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀ tán, orí á ti mì kí ọkàn tó ronú. Fẹ́mi ní lẹ́yìn Iléyá ni ìwé náà ń lọ sílé ìtẹ̀wé. Orúkọ rẹ ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ti Fẹ́mi. Mo ní kó jẹ́ kí n ronú nípa kámẹ́rà rẹ̀. Ìrònú náà rèé.

Èkíní. Máa fura sí ìtàn tí òógùn ojú kò bá sí nínú rẹ̀. Ìtàn iwin yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Nígbà tí Délé bẹ̀rẹ̀ sí fun fèrè ju àgbàlagbà lọ, àwọn ará ìlú ní ojú lásán kọ́. Wọ́n ní ó lọ síbi odò tó wà lọ́nà Ijagun, iwin ló gbé fèrè fún un. Wọ́n rí àpá kan létè rẹ̀, wọ́n ní gbẹ́rẹ́ ni wọ́n sín síbẹ̀. Àpá yẹn kì í ṣe gbẹ́rẹ́. Ẹnu fèrè ló ń ha á létè lójoojúmọ́ títí tó fi le. Èmi náà ní irú rẹ̀ díẹ̀ nígbà kan, kó tó di pé mo di ọ̀lẹ.

Bí mo ṣe di ọ̀lẹ rèé. Èmi bàbá rẹ, ọmọ Alhaja oníṣòwò aṣọ, gba ìtàn iwin gbọ́ pátápátá. Mo ra àkàrà, mo bu oyin sínú ìgò kékeré, mo lọ jókòó sétí odò yẹn ní ọ̀sán, lákòókò tí báńdì ń kọ́ orin lọ́wọ́, mo ń dúró de iwin tó máa kọ́ èmi náà. Kì í ṣe ọjọ́ kan. Èèrà ló jẹ àkàrà mi. Nígbà tí Tíṣà bá bi mí pé níbo ni mo wà, mo máa ní orí ń fọ́ mi. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí odò náà ló wá sọ fún ìyá mi pé ọmọ wọn ń bá omi sọ̀rọ̀. Ìyá mi nà mí débi pé gbogbo àdúgbò wá bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń nà mí, wọ́n ń sọkún, "Ọmọ Mùsùlùmí! Iwin ni ìwọ ń lọ bẹ̀ fún fèrè! Ta ló rán ẹ níṣẹ́ sí mi?"

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń dúró de iwin, níbo ni Délé wà? Ó wà lẹ́yìnkùlé Tíṣà, ó kọjú sí ògiri, ó ń fun ohùn kan ṣoṣo. Tíṣà á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa ka ìwé ìròyìn àtijọ́, wọn kò ní wò ó. Bí ohùn náà bá gbọ̀n díẹ̀ báyìí, wọ́n á ní, "Tún un fun." Kò sí èébú, kò sí ìyìn. "Tún un fun" ṣáá ni. Mo rí wọn lọ́jọ́ kan tí mo ń ti odò bọ̀, mo dúró lẹ́yìn ọgbà, mo rò ó lọ́kàn mi pé, áà, Délé ń tan Tíṣà jẹ ni, ó ń díbọ́n pé òun ń kọ́ ọ kí aṣírí iwin má bàa tú. O rí bí irọ́ ṣe ń sọ ènìyàn di òmùgọ̀? Òtítọ́ dúró níwájú mi, ó ń fun fèrè, èmi ni mo pè é ní ẹ̀tàn.

Nítorí náà ìtàn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán lójú mi. Ó ti gba fèrè lọ́wọ́ ẹnì kan rí. Bí o bá kọ iwin sára ògiri ilé yẹn, ọmọ kan tó fẹ́ràn orin á wá kà á, á sì gbé àkàrà lọ sódò.

Èkejì. Bí o bá fẹ́ mọ ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, má bi ọmọ rẹ̀, bi ọ̀gbà rẹ̀. O mọ̀ bí regbéregbé wa ṣe rí. Àwọn tí ọdún ìbí wọn kò jìnnà síra ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, a jọ ń dàgbà, a jọ ń náwó, a jọ ń wọ aṣọ kan lọ kí Kábíyèsí ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ènìyàn lè fi ọjọ́ orí rẹ̀ pa irọ́ fún gbogbo ayé, kò lè pa á fún regbéregbé rẹ̀, nítorí àwọn ló bá a jí máńgòrò.

Wàyí o, nínú ọ̀rọ̀ tí Fẹ́mi tẹ̀ sórí fóònù mi, ó ní bàbá òun kò tíì dàgbà tó ọmọ tó ń lọ ilé ìwé nígbà tó kọ́kọ́ fun fèrè níwájú èrò, pé wọ́n gbé e sórí àga kí wọ́n tó lè rí i. Mo kà á, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ọdún tó kọ síbẹ̀ pé wọ́n bí Délé, èmi àti Délé ti jọ wà ní kíláàsì. Báwo la ṣe wá ń jókòó pọ̀ nínú regbéregbé kan náà? Nígbà tó ti òkè òkun dé, tó fẹ́ bá wa wọ aṣọ ẹgbẹ́, a fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ní, "Délé, lókè òkun o jẹ́ àbúrò wa, nílé o jẹ́ ọ̀gbà wa. Èwo ni ká mú?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tó ń polongo orin òun ló ní kí òun dín in kù, pé àwọn òyìnbó fẹ́ràn ọmọdé tó bá mọ nǹkan ńlá. A rẹ́rìn-ín, a jẹun, kò sẹ́ni tó bínú. A kò mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ á gbé e lẹ̀ mọ́ ògiri.

Nítorí náà, kí o tó kọ ọjọ́ ìbí ọkùnrin yẹn sílẹ̀, lọ bá regbéregbé. A kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwa tó kù kò tíì gbàgbé.

Ẹ̀kẹta, má tètè gba ohun tí wọ́n bá fi sínú gíláàsì gbọ́. Fẹ́mi wá gbé mi lọ wo ilé náà. Wọ́n kùn ún dáadáa, mi ò ní purọ́. Ní àárín gbọ̀ngán, wọ́n gbé fèrè kan sínú àpótí gíláàsì, iná ń tàn sí i láti òkè. Fẹ́mi ní, "Dádì, ẹ wò ó, fèrè ọjọ́ náà rèé, tí wọ́n rí létí odò." Mo ń wò ó. Kò pẹ́ tí àlejò kan wọlé, ọkùnrin kan tó dà bí oníwèé ìròyìn. Fẹ́mi mú un wá síwájú gíláàsì kan náà, ó ní ọ̀gá orin jáàsì kan ní Amẹ́ríkà ló fi omijé gbé e fún bàbá òun lórí ìtàgé. Mo dúró síbẹ̀, omi tí wọ́n fún mi wà lọ́wọ́ mi. Kí n tó mu ún tán, fèrè kan ti ní bàbá méjì.

Mo tẹ̀ síwájú, mo wo ẹnu rẹ̀ ńlá tí ohùn ń gbà jáde. Ó dán, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Mo mọ fèrè tí Délé gbé kúrò nílùú yìí. Ti báńdì wa ni. Nígbà tí a ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó bọ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ yẹn tàkìtì sínú kòtò, fèrè bọ́ lọ́wọ́ Délé, èmi ni mo sì jókòó lé e lórí. Ẹnu rẹ̀ wọnú. Tíṣà fi aṣọ wé òòlù, wọ́n lù ú títí, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ kò padà sípò tán. Mo bi Fẹ́mi pé ibo ni fèrè yẹn wà. Ó ní, "Ó ní láti jẹ́ pé ó sọnù, Dádì." Ó yára mú mi lọ wo fọ́tò.

Ní báyìí, mo fẹ́ kí o fura sí ẹnì kan sí i. Fura sí èmi.

Àbíkẹ́, mo jowú Délé. Mo ń sọ ọ́ jáde kí o lè mọ iye tí o máa yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi. Tí rédíò bá dárúkọ rẹ̀, mo máa ń pa rédíò, ìyá rẹ lè jẹ́rìí sí i. Ẹni tó jowú máa ń rí irọ́ níbi tí kò sí. Ìtàn kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń sọ, pé nígbà tí Tíṣà Odùsínà kú, Délé sọ eré ńlá kan sílẹ̀ lókè òkun, ó fò wálé, ó fun fèrè létí ibojì, òjò tó ń rọ̀ sì dá. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ ni mo ti ń sọ pé irọ́ ni. Èmi wà níbi ìsìnkú yẹn. Délé kò wá. Mo ti fi ìtàn yẹn bú u ní ìpàdé regbéregbé, mo ti fi bú u ní ọjà, mo sì fi bú u lọ́jọ́ tí wọ́n sin òun náà.

Lẹ́yìn tí mo ti ilé gíláàsì yẹn dé, mo rí i pé bí mo bá máa sọ fún ọ pé kí o bi ènìyàn léèrè, ó yẹ kí èmi náà bi ènìyàn. Ni mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, mo lọ bá ọmọ Tíṣà. Obìnrin ni, Fọlákẹ́ lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Sísì ni gbogbo wa nínú báńdì ń pè wọ́n, torí wọ́n jù wá lọ díẹ̀, wọ́n sì lẹ́wà nígbà náà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ìyá rẹ.

Mo bá Sísì níwájú ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gaàrí. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. "Múfú! Ta ló kú?"

Mo ní, "Sísì, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sẹ́ni tó kú."

"Irọ́ ni. O kì í wá síbí bí ènìyàn ò bá kú."

Mo jókòó tì wọ́n. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, iwin, àga, fèrè inú gíláàsì. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì ń bó ẹ̀gẹ́ wọn lọ. Ìgbà tí mo dé ibi tí Fẹ́mi ti ní Tíṣà á da ìtàn rú, ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n ní, "Wọn ò ní kọ orúkọ bàbá mi rárá?" Mo ní bí wọ́n ṣe ń wí nìyẹn. Ojú tì mí, bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ilé náà.

Ni mo bá bi wọ́n nípa ìsìnkú. Mo ní, "Àbí Sísì, Délé kò wá, àbí ó wá?"

Wọ́n ní, "Òjò wo ló rọ̀? Ẹ̀ẹ̀rùn ni bàbá mi kú. Délé ò wá síbi ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ó wá."

"Nígbà wo?"

"Lẹ́yìn tí gbogbo yín ti jẹun tán, tí ẹ ti lọ. Koríko ti hù lórí ibojì. Òun nìkan ló wá, kò wọ jígí dúdú tó máa ń wọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ládùúgbò yìí. Ó yá ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó ro orí ibojì bàbá mi. Kò mọ̀ ọ́n ro, ọwọ́ rẹ̀ bó."

Sísì wá sọ ohun tí Délé sọ fún wọn lọ́jọ́ náà, mo ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Délé ní, "Sísì, wọ́n bi mí léèrè lókè òkun pé ta ló kọ́ mi. Mo wò ó pé bí mo bá ní tíṣà kan ní Ìjẹ̀bú ni, wọ́n á kàn kọ ọ́ kọjá. Mo ní iwin ni. Gbogbo wọn pariwo, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Láti ìgbà náà mi ò tíì rí ibi tí mo máa gbà padà." Sísì ní ó sọkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó gbé ohun kan sílẹ̀ fún wọn, ó ní, "Ti Tíṣà ni. Mi ò dá a padà fún wọn nígbà tí wọ́n wà láyé."

Sísì wọlé lọ, wọ́n gbé e jáde nínú ògbólógbòó ìró. Fèrè ni.

O mọ̀ mí. Mo kọ́kọ́ fura. Mo ní, bóyá Sísì ra ògbólógbòó fèrè kan níbìkan kí orúkọ bàbá wọn má bàa parun, èmi náà lè ṣe é bí ó bá jẹ́ bàbá mi. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Idẹ rẹ̀ ti dúdú. Mo fi ìka wá ẹnu rẹ̀ kiri, mo sì kan ibẹ̀, ibi tó wọnú, tí òòlù Tíṣà kò lè mú padà sípò, ibi tí mo jókòó lé. Omi bọ́ lójú mi, Àbíkẹ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ń pè é ní òpùrọ́, òun náà ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Sísì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà yìí?"

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ta ló bi mí?"

Lóòótọ́ ni. Gbogbo àwọn tó ń kọ nípa Délé, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ń dé, wọ́n á ya fọ́tò ilé tí wọ́n bí i sí, wọ́n á padà. Èmi pàápàá ń sọ pé mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́, ẹnu mi ni mo fi ń fura, mi ò fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ síbẹ̀. Ìfura tí kò bá bi ènìyàn léèrè, ariwo lásán ni.

Mo gbé fèrè náà sẹ́nu. Ó ti pẹ́ gan-an. Ohun tó jáde níbẹ̀ dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Sísì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara ògiri mú. Wọ́n ní, "Múfú, títí di òní o ò mọ̀ ọ́n fun!" Wọ́n gba fèrè lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un dì. Ojú wọn wá yí padà. Wọ́n ní kí n sọ fún ọmọ mi pé àwọn máa gbé e sílẹ̀ fún ilé yẹn, bí wọ́n bá kọ orúkọ bàbá àwọn sábẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ọ́, inú ìró ni yóò wà. Wọ́n tún ní, "Má bá a gbé ọ̀rọ̀ mi lọ o. Kó wá fúnra rẹ̀. Kó wá bi mí."

Ibi tí mo fẹ́ dé nìyẹn. Délé mọ fèrè í fun, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn, kọ ọ́ ní gbangba pé kò sẹ́ni tó fun ún bí i tirẹ̀. Kọ ọ́ pé ó dúró síwájú ògiri, pé wọ́n ní kó tún un fun, ó sì tún un fun. Kọ ọ́ pé ó pa irọ́ kan, irọ́ náà sì dàgbà jù ú lọ. Kọ ọ́ pé ó padà wá ro ibojì. Bí o bá kọ ọ́ báyìí, kò ní kéré. Lójú tèmi, ìgbà tí ìka mi kan ibi tó wọnú yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ràn rẹ̀, ó kàn pẹ́ ni. Ṣùgbọ́n má gba ohun tí mo kọ yìí gbọ́ torí pé bàbá rẹ ló kọ ọ́. Lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, fi ìka rẹ wá ibẹ̀.

Bí Fẹ́mi bá ní òun kò gbà, yọ orúkọ rẹ kúrò lẹ́yìn ìwé náà, kí o sì máa bọ̀ wálé. Yàrá rẹ ṣì wà bó ṣe wà, ìyá rẹ ń gbá a. Ìrẹsì Fẹ́mi náà kò tíì tán. Èmi kò ní jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀, àyàfi bó bá fẹ́ kí n dárúkọ Tíṣà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè bi ọ́ lójú kojú. Bó bá jẹ́ òtítọ́ ni Fẹ́mi sọ, pé o ti gbà, mi ò ní bínú sí ọ. Orí ti mì, ó ti mì náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n Délé wá ibi tó máa gbà padà títí ó fi kú, kò rí i. Tìrẹ ṣì ṣí sílẹ̀, ọmọ mi, ìwé náà kò tíì dé ilé ìtẹ̀wé. Ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kì í wọ́n láàárọ̀, Sísì sì máa ń wà níwájú ilé. Má jẹ́ kí wọ́n tún sọ fún ẹlòmíràn pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lọ, á sì ṣọ́ ọwọ́ tí o fi ń kọ̀wé. Ìyá rẹ ní ṣé o ti jẹun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Múfútáù, fèrè kejì.